Àwo Kẹrin Ràímì Ẹ̀gà

Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọwọ́ tó dọ̀tí kan ojú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ara Sàláúdéènì a bù máṣọ. Bó ṣe rí nìyẹn láti kékeré. Okùn ìránṣọ, bọ́tìnì àti síìpù ló ń tà ní Ọjà'ba, nísàlẹ̀ Màpó, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì mọ́ débi pé àwọn télọ̀ tó ń wá rajà máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún wọn. Nílé rẹ̀ ní Bẹ́yẹrúnkà, aṣọ funfun kan wà tó fi ń nu àwọn àwo orin rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣèèṣì fi aṣọ náà nu ojú ọmọ-ọmọ wọn lọ́jọ́ kan. Sàláúdéènì kò bá a jà, ṣùgbọ́n kò fi aṣọ náà nu àwo mọ́. Ó lọ ra òmíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, bó bá ti kírun Àìlá tán, á fi àwo kan tàbí méjì sínú àpò, á sì gba ọ̀nà Bẹẹrẹ lọ sílé Olúsànyà. Tíṣà ni Olúsànyà kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Pálọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé, nítorí òun ló ní ẹ̀rọ tó dára jù tó ń gbé àwo, pẹ̀lú sípíkà onígi méjì tó ga ju àga lọ. Nọ́ọ̀sì Louisa, tí òun náà ti fẹ̀yìn tì ní ọsibítù, á dé láti ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tòun ti gèlè ìsìn lórí. Ẹni tó bá gbé àwo wá á sọ ìdí tó fi fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á gbọ́ ọ láìsọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀. Lójú Olúsànyà, kò sí ohun tó tó àwo. Louisa ní kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa kò kéré sí àwo. Sàláúdéènì lè fara mọ́ kásẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé létí tirẹ̀, akọrin inú kásẹ́ẹ̀tì dà bí ẹni tó ń kọrin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí kò lè fara mọ́ ni orin inú fóònù. "Eṣinṣin tó há sínú agolo mílíìkì," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, á sì yínmú.

Ẹnì kẹrin wọn ni Jubril. Fóònù ló ń tà ní Ògùnpa, ó sì máa ń bá àwọn èèyàn kó orin sínú fláàṣì. Kò tíì pé ogójì ọdún. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa rí Sàláúdéènì lára. Pọfu-pọ́ọ̀fù ló máa ń jẹ wá, òróró á máa dán ní ìka rẹ̀, ìka náà ló sì fi ń di àwo mú lójú gbàgà bí ẹni di búrẹ́dì mú. Èyí tó tún burú ni pé kò sí orin àtijọ́ tó kó sínú fláàṣì tí kì í fi ohùn ara rẹ̀ há láàárín. Orin á máa lọ wẹ́rẹ́, àfi gbàù, "Jubril Ògùnpa ló gbé e dé o," bí ẹni tó tutọ́ sínú ọbẹ̀ olóbẹ̀. Sàláúdéènì ti ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò láàárín wọn.

"Bí a bá yọ ọ́, ta ni yóò máa gbọ́ nǹkan wọ̀nyí lẹ́yìn wa?" Olúsànyà dáhùn. "Òun nìkan lọmọdé tó ń jókòó tì wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa Sàláúdéènì lẹ́nu mọ́.

Nínú gbogbo akọrin tí wọ́n ń gbọ́, kò sí èyí tó wọ Sàláúdéènì lákínyẹmí ara bíi Ràímì Ẹ̀gà. Oní-sákárà ni, ọmọ Bẹ́yẹrúnkà, ògiri kan ṣoṣo ló pààlà ilé rẹ̀ àti ilé àwọn Sàláúdéènì. Ikọ́ fée bá a jà títí ó fi kú. Àwo mẹ́ta péré ló ṣe láyé, wọn kò sì gbà wọ́n sílẹ̀ dáadáa. Inú yàrá kan ni wọ́n kó Ràímì àti àwọn elégbè rẹ̀ sí, wọ́n gbé gbohùngbohùn kan ṣoṣo sáàárín, gòjé fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ohùn Ràímì mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn àwo kejì sì ń ta pàràpàrà bí ẹran tó wà nínú òróró gbígbóná. Síbẹ̀, bí Ràímì bá fẹ́ gbé orin fún àwọn elégbè, èèyàn á gbọ́ bó ṣe ń fa èémí wọlé tipátipá, á sì dà bí ẹni pé ọkùnrin náà jókòó síwájú èèyàn.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n gbọ́ àwo kejì yẹn tán, Sàláúdéènì sọ ìtàn kan fún wọn nípa ìyàwó Ràímì, Ìyá Mujeebat, tó ṣì wà láàyè nínú ilé kan náà. Ó ní Ràímì ki àwọn ọlọ́là, ó ki alápatà, ó ki àwọn awakọ̀ Mọ́lété, ṣùgbọ́n kò fi ìgbà kan dárúkọ ìyàwó rẹ̀ nínú orin. Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ títí, ó sunkún sí i lọ́rùn, Ràímì ní aya kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ná lójú agbo. Ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀dùn ọkàn fún obìnrin náà. Títí dòní ló máa ń sọ pé, "Ó ki gbogbo ayé, kò rí èmi kì."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Jubril béèrè, "Kí lorúkọ ìyá náà, Bàbá?"

"Bílíkísù," Sàláúdéènì wí. "Àṣàbí loríkì rẹ̀."

Oṣù kan ò tíì kọjá tí Jubril fi wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ó ní òun ti rí àwo kẹrin Ràímì Ẹ̀gà. Ó ní bàbá kan tó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ láyé àtijọ́ ló kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń kó ẹrù ilé dànù, tí òun sì bá téèpù tí wọ́n gbà á sí nínú ẹrù. Wọn kò tẹ̀ ẹ́ jáde rí.

Sàláúdéènì kò sọ ọ̀rọ̀ eṣinṣin inú agolo lọ́jọ́ náà. Olúsànyà fi wáyà so fóònù Jubril mọ́ sípíkà onígi, orin sì bẹ̀rẹ̀. Ó mọ́ gaara. Kò sí pàràpàrà, kò sí ariwo kankan lẹ́yìn. Gòjé dúró ní ọ̀tọ̀, ìlù dúró ní ọ̀tọ̀, ohùn Ràímì sì wà láàárín, ó ń dán bíi abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Nígbà tó dé ìdajì orin, ohùn náà wí pé:

"Mo ki ọlọ́jà, mo ki ọlọ́là,
Mo délé mo wá rántí onílé mi,
Bílíkísù Àṣàbí, ìwọ lo ni mí o."

Sàláúdéènì sunkún. Kò sunkún bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ìyá tó bí i. Ó na ọwọ́ sí Jubril, ó di ọwọ́ olóròóró náà mú, ó ń gbọ̀n ọ́n, ó ń dúpẹ́. Ayọ̀ a máa di èèyàn létí.

Ó ní kí Jubril bá òun kó orin náà sínú fóònù òun, èyí tí kò ṣe rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó yà sílé Ràímì. Ìyá Mujeebat jókòó lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ojú rẹ̀ ti ṣú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń gbọ́ kedere. Mujeebat, ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé kéú, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sàláúdéènì kò sọ púpọ̀. Ó kàn fi orin náà sí i, ó gbé fóònù sún mọ́ etí ìyá.

Ìyá Mujeebat ò mira. Nígbà tí ohùn náà dárúkọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé àyà.

"Tún un ṣe," ó wí.

Sàláúdéènì tún un ṣe. Ìyá náà ní kí wọ́n pe àwọn ìyàwó ilé wá, wọ́n sì wá, wọ́n dúró yí i ká, wọ́n ń gbọ́ ọ.

"Ó ṣe é," ìyá náà wí. "Ó ṣe é, kò sọ fún mi ni. Mo ti di ọkùnrin yìí sínú láti ọdún gbọọrọ, Sàláúdéènì. Wọ́n ń ṣe fìdáù rẹ̀, mo ń ṣe àmín lẹ́nu, inú mi ń hó. Olúwa, mo ti foríjì í. Gbogbo rẹ̀ pátá, mo ti foríjì í. Kí Ọlọ́run fi í sí Àlùjáńnà."

Àwọn obìnrin náà ṣe àmín. Sàláúdéènì jáde níbẹ̀ bí ẹni tó lọ sí Mẹ́kà dé.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, òun ló dábàá pé kí àwọn gbọ́ àwo kejì àti àwo kẹrin tẹ̀lé ara wọn, kí àwọn lè mọ bí ìgbohùnsílẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí ara wọn. Olúsànyà fi àwo kejì sí i, ó ń ta pàràpàrà bó ti ń ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ló fi ti fóònù sí i. Jubril jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń jẹ pọfu-pọ́ọ̀fù inú ìwé.

Louisa gbé orí sókè. "Ẹ dá a padà díẹ̀," ó wí. Wọ́n dá a padà. Ó tún gbọ́ ọ, ó ń fi ìka lu itan. "Tíṣà, ọkùnrin yìí kò mí."

"Báwo ni kò ṣe mí?" Olúsànyà béèrè.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ orin yẹn títí dé ibi tí àwọn elégbè ti gbà á, kò mí lẹ́ẹ̀kan. Èmi ni mo máa ń fún Ràímì ní abẹ́rẹ́ nígbà tí ikọ́ fée bá gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Kò lè pe orúkọ ara rẹ̀ tán kó má sinmi. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Èèyàn wo ni kò ní mí?"

Wọ́n gbọ́ ọ. Òótọ́ ni. Ohùn náà ń lọ geere bí omi ẹ̀rọ. Nígbà tí Sàláúdéènì sì ti gbọ́ ọ báyìí, kò gbọ́ ohun mìíràn mọ́. Ó yíjú sí Jubril.

Jubril gbé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àgbà yìí náà, etí yín kò ṣe é tàn jẹ pẹ́. Kọ̀ǹpútà ni. Àwo rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo kó fún un, ó kọ́ ohùn náà. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀."

"Téèpù tí o rí ńkọ́?" Olúsànyà béèrè.

"Kò sí téèpù kankan, sà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa mọ̀ ni."

Sàláúdéènì gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ìwọ lo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀," ó wí díẹ̀díẹ̀. "Ta ló sọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ fún ọ?"

"Ẹ̀yin náà ni, Bàbá. Níbí yìí lẹ ti sọ ọ́." Jubril nu ìka rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Ẹ má bínú sí i. Ṣé kò dùn mọ́ yín ni? Ẹ sunkún. Ṣé ẹkún irọ́ lẹ sun?"

Sàláúdéènì dìde. Ó dé ẹ̀yìnkùlé, ó dúró lẹ́bàá gọ́tà, ó tẹ̀ ba. Èébì ń gbé e, kò sì rí nǹkan bì. Ohun tó ń rí i lára jù kì í ṣe Jubril. Ẹkún tó sun ni. Ó dà bí ẹni tó jẹun tán tó ń lá ìka, tí wọ́n wá sọ ohun tó wà nínú ìkòkò fún un. Ó rántí bó ṣe di ọwọ́ olóròóró yẹn mú. Ó wẹ ọwọ́ níbi ẹ̀rọ omi, ó tún un wẹ̀.

Nígbà tó padà wọlé láti mú àpò rẹ̀, Louisa ń bá Jubril wí kíkankíkan. Olúsànyà ń wo fóònù tó wà lórí tábìlì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó fi ohùn kékeré béèrè:

"Jubril, bí èèyàn bá ní kásẹ́ẹ̀tì kan péré ńkọ́? Màmá àwọn ọmọ mi kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin wa kó tó kú. Èyí tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà kò gùn. Ṣé kọ̀ǹpútà yẹn lè fi kọ́ ohùn rẹ̀?"

"Ó lè kọ́ ọ, sà. Kò le rárá."

Sàláúdéènì wo Olúsànyà, àgbàlagbà tó ń bọ̀wọ̀ fún láti ọjọ́ yìí wá, bí ẹni tó bá lèmọ́mù ní ilé ẹmu. Àánú rẹ̀ ṣe é, ó sì kó o nírìíra, nǹkan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó mú àwo rẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni, ó jáde.

Ó ro ó pé kí òun má sọ fún Ìyá Mujeebat. Inú obìnrin náà dùn, ó ti dágbà, kí ló dé téèyàn ò ní jẹ́ kó kú sínú ayọ̀ rẹ̀? Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni ìyá náà ń ránṣẹ́ pè é pé kó wá fi orin ọkọ òun sí i fún àwọn àlejò tó wá kí òun. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó síbẹ̀, ohùn aláìmí náà ń ké sí Àṣàbí, ojú ìyá ń tàn, Sàláúdéènì sì ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń fún aláìsàn ní májèlé nínú ẹ̀kọ gbígbóná. Kò lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó tún dé ibẹ̀, kò yọ fóònù jáde. Ó ní kí Mujeebat náà jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, títí kan pé ẹnu òun ni orúkọ náà ti jáde.

Ìyá náà ń fetí sí i. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó béèrè pé, "Ta wá lẹni tó ń pè mí yẹn?"

"Ẹ̀rọ ni, Ìyá."

"Ta ló ní kí ẹ̀rọ pè mí?"

"Ọmọkùnrin kan tó ń ta fóònù ní Ògùnpa."

"Ọmọkùnrin kan tó ń ta fóònù ló pè mí ní onílé òun." Ìyá náà yí ojú sí Mujeebat. "Gbé omi wá fún mi."

Mujeebat gbé kẹ́tù wá. Ìyá náà da omi sọ́wọ́, ó fọ ẹnu, ó fọ etí ọ̀tún, ó fọ ti òsì, ó ń ti ìka bọ inú etí náà bí ẹni tí kòkòrò kó sí nínú. Omi ń kán sí èjìká rẹ̀. Ojú rẹ̀ rún bí ẹni tó tọ́ ohun tó ti bàjẹ́ wò.

"Mo ti foríji Ràímì nítorí ohun tí kò ṣe," ó wí. "Mo ti sọ ọ́ níwájú Ọlọ́run, àwọn èèyàn ti ṣe àmín sí i. Kí ni mo wá fẹ́ ṣe sí i báyìí? Ṣé kí n gbà á padà ni?"

Sàláúdéènì gbé kẹ́tù kúrò níwájú rẹ̀.

"Máa lọ sí ọjà rẹ," ìyá náà wí. "Mi ò bú ọ. Ṣùgbọ́n má gbé nǹkan yẹn wọ ilé yìí mọ́, ìwọ náà sì jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kí o tó wá."

Mujeebat ní tirẹ̀ kò jẹ́ kó tán síbẹ̀. Òun àti Louisa, tó ti mọ̀ láti ìgbà tó ń tọ́jú bàbá rẹ̀, jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Jubril ní Ògùnpa. Louisa ròyìn lẹ́yìn náà pé Mujeebat kò pariwo rárá. Ó kàn dúró níwájú àwọn oníbàárà, ó ń sọ ọ́ lẹ́sọ̀ẹ̀sọ̀ pé ọkùnrin yìí yá ohùn bàbá òun láti fi tan ìyá òun jẹ. Ojú ti Jubril. Ó yọ orin náà kúrò níbi tó gbé e sí lórí ayélujára, ó sì bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ti wà nínú fláàṣì ẹgbàágbèje èèyàn, ta ni yóò máa tọ̀ ọ́ kiri? Ìpàdé ọjọ́ Àìkú náà tú ká. Louisa ò lọ mọ́. Sàláúdéènì gbọ́ pé Jubril ṣì ń yà sílé Olúsànyà, òun àti kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò sì béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe.

Nílé, ó gbìyànjú láti gbọ́ àwo kejì. Ohùn tó mọ̀ láti ìgbà èwe ni, ògidì ni, síbẹ̀ ó bá ara rẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ olè, bóyá á gbọ́ ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Ó bínú. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó sì dá àwo padà sínú páálí.

Ọjà ń lọ ní pẹrẹu lọ́jọ́ kan, ni Sàláúdéènì bá gbọ́ Ràímì Ẹ̀gà láti òdìkejì títì. Ọkùnrin kan tó ń ta oògùn ìbílẹ̀ ti gbé sípíkà ńlá sórí bẹ́ńṣì. Gòjé dúró ní ọ̀tọ̀, ìlù dúró ní ọ̀tọ̀, gaara. Kì í ṣe Àṣàbí ni ohùn náà ń kì lọ́tẹ̀ yìí. Jẹ̀díjẹ̀dí ló ń dárúkọ, àti ìdí yíyọ, àti bí èèyàn yóò ṣe lo ìgò kan kí gbogbo rẹ̀ tó wálẹ̀. Àwọn obìnrin méjì tó ń rajà ń mi orí sí i.

Sàláúdéènì sọdá títì láàárín àwọn ọlọ́kadà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á," ó wí.

Ọlọ́jà náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ kú ọjà, Bàbá. Ṣé ó ń dí yín lọ́wọ́ ni?"

"Mo mọ ẹni tó ni ohùn yẹn. Ó ti kú. Kò ta oògùn rí."

"Ẹnì kan ló fi kọ̀ǹpútà bá mi ṣe é, Bàbá, mi ò mọ ẹni tó ni ín." Ọlọ́jà náà fi ọwọ́ kan sípíkà rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fọwọ́ kan orí ọmọ. "Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ó mọ́ létí. Èyí tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń han ni."

Ó rẹ ohùn sípíkà náà sílẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀ àgbà. Sàláúdéènì yí padà. Kò tíì dé òdìkejì tí ọlọ́jà náà fi gbé ohùn náà sókè padà. Òun tí kì í tutọ́ níta, ó tutọ́ sẹ́bàá ọ̀nà níṣojú gbogbo èèyàn, ó fi bàtà pa á rẹ́. Télọ̀ kan ti dúró dè é lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ síìpù dúdú.